Pákó Tí Kò Wọ́

Káfíńtà tó bá mọṣẹ́ kì í ra pákó láìkọ́kọ́ wò ó. Yóò gbé orí rẹ̀ kan lé èjìká bí ẹni tó fẹ́ yìnbọn, yóò di ojú kan, yóò sì fi ojú kejì tọ etí pákó náà lọ títí dé òpin. Bí pákó bá tọ́, etí rẹ̀ á rí bí okùn tí wọ́n fà le. Bí ó bá wọ́, kò níbi tí yóò fara pamọ́ sí.

Ojú òsì ni Ògúnsànyà máa ń dì. Ojú ọ̀tún ló fi ń wò. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe ń ṣe é láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú títí tó fi funfun. Ojú ọ̀tún ni ojú iṣẹ́. Ojú òsì kàn ń bá a rìn ni.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Agbowó, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí òun àti Láwùmí, ìyàwó rẹ̀, ń lọ. Ilẹ̀kùn ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Àwọn tó ń kọ́lé ní Bódìjà àti Akobo máa ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé ilẹ̀kùn Ògúnsànyà kì í ké, kì í sì í há, kódà nígbà òjò tí igi gbogbo ń wú. Kì í ṣe ẹni tó ń fọ́nnu, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé wọ́n ń sọ ọ́.

Ọ̀dọ̀ Mùsílíù ló ti ń ra igi ní ọjà pákó Bódìjà. Ọ̀rọ̀ wọn ti kọjá ti òǹtajà òun oníbàárà. Lọ́jọ́ Iléyá, ẹran máa ń ti ilé Mùsílíù wá sí Agbowó. Lọ́jọ́ Kérésì, ìrẹsì Láwùmí máa ń lọ sílé Mùsílíù. Nígbà tí ìyá Mùsílíù kú, Ògúnsànyà ló gé pákó tí wọ́n tò bo inú sàréè rẹ̀. Ó fá etí wọn, ó sì rẹ́ wọn pọ̀ débi pé erùpẹ̀ kò rí ihò gbà. Mùsílíù dúró létí sàréè lọ́jọ́ náà, ó wo iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì di ọwọ́ náà mú.

Nígbà òjò ni ìjà wọn bẹ̀rẹ̀. Akínlolú, olùkọ́ yunifásítì kan tó ń parí ilé rẹ̀ ní Akobo, gbé iṣẹ́ gbogbo ilẹ̀kùn ilé náà fún Ògúnsànyà. Ògúnsànyà ra igi ọ̀gánwó lọ́wọ́ Mùsílíù. Ògúnsànyà ń bá wọn palẹ̀ ìgbéyàwó mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí ọkọ̀ já igi náà, kò sì wò ó títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tó wá gbé ọ̀kan lé èjìká, ó rí i pé etí rẹ̀ tẹ̀ wọnú láàárín, bí ikùn ẹni tí ebi ń pa. Ó gbé òmíràn. Bákan náà. Ó gbé òmíràn sí i. Kò sí èyí tó tọ́.

Ó ní kí ọkọ̀ kó wọn padà, òun náà sì jókòó sí iwájú ọkọ̀.

"Mùsílíù, kí lo tà fún mi yìí?"

"Bàbá Dàmọ́lá, ẹ káàárọ̀ ná. Àbí wọ́n ti fòfin de ìkíni ní Agbowó?"

"Ìkíni á dúró. Pákó rẹ wọ́. Gbogbo ẹ̀ ló wọ́. Ṣé èyí tí àwọn ọmọ kéékèèké kọ̀ sílẹ̀ lo wá dì fún mi, torí o rò pé mo ti darúgbó?"

Mùsílíù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbé pákó kan, ó wò ó. Ó gbé èkejì, ó wò ó. "Igi yìí tọ́ ju èmi pẹ̀lú rẹ lọ. Ọdún tó kọjá ló ti gbẹ. Tún un wò."

"Mo ti wò ó. Oníjìbìtì ni ẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ sí ọlọ́jà níwájú ìsọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń la igi dá ẹ̀rọ dúró. Àwọn alábàárù sọ ẹrù kalẹ̀. Ojú Mùsílíù yí padà, ó sì na ìka sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Pákó mi kò wọ́! Ojú rẹ ló wọ́! Lọ tún ojú ẹ ṣe!"

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín láàárín àwọn alábàárù. Ẹ̀rín náà ran àwọn yòókù. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún àgbàlagbà pé kò ríran mọ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti káfíńtà. Bí ẹni ń sọ fún akọrin pé ohùn rẹ̀ ti kú ni. Ògúnsànyà kẹ̀yìn sí wọn. Ó wọkọ̀, ó sì fi igi náà sílẹ̀ fún un.

Ọjà Ṣàngó ló ti lọ ra òmíràn. Ìyẹn náà wọ́. Nígbà náà ló wá dá a lójú pé igi ayé òde òní ló ti bàjẹ́, pé àwọn agégi kì í jẹ́ kí igi gbó mọ́ kí wọ́n tó gé e. Gbogbo ẹni tó sọ ọ́ fún ló gbà fún un, nítorí òótọ́ wà níbẹ̀. Ó mú ìfági rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fá igi Ṣàngó náà. Yóò fá a, yóò wò ó, yóò tún fá a, títí etí rẹ̀ yóò fi rí bí okùn tí wọ́n fà le lójú ọ̀tún rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣe gbogbo ilẹ̀kùn Akínlolú. Nígbà tí wọ́n kó wọn dé Akobo fún àwọn tó ń gbé ilẹ̀kùn kọ́, ó pe Akínlolú lórí fóònù.

"Ilẹ̀kùn ńkọ́, ọ̀gá?"

"Ó dára, Bàbá," ni Akínlolú wí. "Ẹ ṣé gan-an ni."

Nínú ilé, Láwùmí ń kíyè sí i. Ó rí i pé ọkọ òun máa ń da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Ó rí i pé ó ń bú gílóòbù pé kò mọ́lẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ tuntun ni gílóòbù náà. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, ọkùnrin náà bi í pé kí ló ṣe ojú Olùṣọ́ ìjọ wọn tó dà bí ohun tí ẹnìkan fi ọwọ́ nù. Láwùmí dúró lójú ọ̀nà.

"Bàbá Dàmọ́lá, ẹ jẹ́ ká lọ yẹ ojú yín wò."

"Ta ló rán ọ? Mùsílíù?"

"Ọlọ́run ló rán mi."

"Bá mi sọ fún Ọlọ́run pé mò ń ríran. Ọjọ́ tí mo bá gbé ojú mi lọ síwájú dókítà, ọjọ́ náà ni Mùsílíù jàre mi."

"Háà. Ẹjọ́ lẹ wá ń fi ojú rò báyìí?"

Láwùmí lọ síwájú Olùṣọ́. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó sọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ dé, àwọn tó ń yẹ ojú wò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan, wọ́n sì tẹ́ tábìlì sí abẹ́ ìbòòji. Olùṣọ́ ní kí àwọn alàgbà kọ́kọ́ jókòó, kí ọmọ ìjọ lè rí i pé kò sí ohun tó ń bani lẹ́rù níbẹ̀. Alàgbà Ògúnsànyà ló sì dàgbà jù. Kò rọ́nà gbà. Ó jókòó, nínú sùtánà funfun rẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán.

Nọ́ọ̀sì tó ń yẹ ojú wò, Ìrẹ̀mídé lorúkọ rẹ̀, kò tíì ju ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ lọ. Ó ní kí bàbá bo ojú ọ̀tún, kí ó ka lẹ́tà ara ògiri. Bàbá kà á dé ibi tó kéré. Ó ní kí ó bo ojú òsì. Bàbá ní iná ibẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó. Ọ̀sán gangan ni.

Ìrẹ̀mídé kò bá a jiyàn. Ó fi gíláàsì ìkàwé sí i lójú, ó sì gbé ìwé kan síwájú rẹ̀. Kò sí lẹ́tà lórí rẹ̀. Ìlà lásán ni, àwọn kan dúró, àwọn kan dùbúlẹ̀, wọ́n gba orí ara wọn kọjá bí nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé, àmì dúdú kékeré kan sì wà láàárín.

"Àmì àárín yẹn ni kẹ́ ẹ máa wò, sà. Ẹ má gbé ojú kúrò níbẹ̀. Ojú òsì la ó kọ́kọ́ lò. Ṣé gbogbo ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tọ́?"

"Wọ́n tọ́."

"Ẹ fi ojú ọ̀tún wò ó báyìí."

Ògúnsànyà wò ó. Ó sún ìwé náà mọ́ra, ó tún sún un sẹ́yìn.

"Ẹni tó fa ìlà yìí kò mọ ìlà á fà. Ó wọ́. Ibí yìí tẹ̀ wọlé, ibí yìí wú síta. Àárín rẹ̀ gan-an ti pa rẹ́. Ẹ ò lè fi irú èyí dán èèyàn wò. Ẹ mú òmíràn wá."

"Ìwé kan náà ni, sà. Òun lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ojú òsì wò."

"Ọmọ yìí, mo ti ń fa ìlà kí wọ́n tó bí ìyá rẹ."

Àwọn obìnrin akọrin tó tò sẹ́yìn rẹ́rìn-ín. "Alàgbà ń bá ìwé jà o!"

Ògúnsànyà dìde. "Ẹ dúró dè mí," ni ó wí. Ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, sùtánà rẹ̀ ń gbá erùpẹ̀, ó sì mú rúlà onírin rẹ̀ bọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ló fi ta á lọ́rẹ lọ́jọ́ tó parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, tó gba fíríìdọ̀mù. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ tán, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà. Ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, ó gbé rúlà lé ọ̀kan nínú àwọn ìlà náà, kí ọmọ náà lè fojú ara rẹ̀ rí i bó ṣe wọ́ tó. Ó di ojú òsì.

Rúlà náà wọ́.

Ó la ojú òsì. Rúlà náà tọ́. Ó tún dì í. Irin náà rọra tẹ̀ wọnú láàárín, bí ikùn ẹni tí ebi ń pa, bíi pákó Mùsílíù, bíi pákó Ṣàngó, bíi gbogbo igi tó ti fá láti ìgbà òjò.

Ó jókòó. Ẹ̀rín àwọn obìnrin náà ti dá. Láwùmí, tó dúró láàárín wọn, rí i bí ọwọ́ ọkọ òun ṣe rọra sọ rúlà náà sílẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ rí i pé nǹkan ń wọ́, sà?" ni Ìrẹ̀mídé béèrè, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́.

"Ìgbà òjò."

"Ẹ sì rí i?"

"Mo rí i. Pákó ni mo rò pé ó wọ́."

Ìrẹ̀mídé kọ orúkọ ilé ìwòsàn ojú kan ní Ring Road fún wọn, ó sì ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ó pẹ́. Dókítà ibẹ̀ kán oògùn sí ojú bàbá, ó fi iná wo inú ojú méjèèjì, ó sì pẹ́ nídìí ti ọ̀tún. Ó ṣàlàyé fún òun àti Láwùmí pé ẹ̀yìn ẹyinjú ní ibì kan tí kò tóbi ju orí ìṣó lọ, òun la sì fi ń rí àárín ohun tí a bá tẹjú mọ́: ojú èèyàn, lẹ́tà inú ìwé, etí pákó. Ọjọ́ ogbó máa ń jẹ ẹ́ lára àwọn kan. Lójú ọ̀tún, iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ti hù sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ti jò, ibẹ̀ sì ti di àpá. Bàbá yóò máa rí ẹ̀gbẹ́ nǹkan. Àárín rẹ̀ ni kò ní padà.

"Ṣé kò sí oògùn ni?"

"Abẹ́rẹ́ wà tí a máa ń gún sínú ojú, sà. Ìgbà tí ìlà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ló máa ń wúlò jù."

"Ká ní mo wá nígbà òjò ńkọ́?"

Dókítà wo tábìlì rẹ̀. "A ò bá ti gbìyànjú, sà."

Ojú òsì ṣì dára, ṣùgbọ́n àmì ìbẹ̀rẹ̀ ti wà níbẹ̀ náà. Wọ́n fún un ní ìwé onílà tirẹ̀ pé kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí yóò máa rí i láràárọ̀, kó máa bo ojú ọ̀tún, kó máa fi ti òsì wò ó. "Ọjọ́ tí ìlà kan bá tẹ̀, ẹ má dúró jẹun," ni dókítà wí. "Ẹ máa bọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Akobo láti lọ wo ilẹ̀kùn tó ṣe. Kò bá ọ̀kankan nínú wọn lára ilé. Ilẹ̀kùn ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀. Tirẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, wọ́n fi wọ́n ti ògiri, wọ́n sì da tapólì bò wọ́n. Akínlolú jáde, ó dọ̀bálẹ̀ kí i, kò sì tètè dìde.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Wọn ò bá férémù mu ni."

"O ní wọ́n dára."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún yín, sà? Ẹ̀yin kẹ̀?"

Ògúnsànyà ká tapólì náà sókè, ó di ojú méjèèjì, ó sì fi àtànpàkò tọ etí ilẹ̀kùn kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìka rẹ̀ gun òkè kan, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Igi tó tọ́ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló fá a tó fi wọ́. Ó wá yé e pé gbogbo ẹni tó bọ̀wọ̀ fún òun ló rí i tí wọ́n sì dákẹ́. Yàtọ̀ sí Láwùmí, ẹnìkan ṣoṣo ló sọ ọ́.

Mùsílíù jókòó sórí àpótí níwájú ìsọ̀ rẹ̀, ó ń ka tẹ̀sùbáà, nígbà tí Ògúnsànyà dúró síwájú rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò kíra wọn.

"Mo wá wo pákó," ni Ògúnsànyà wí.

"Ojú wo lo fẹ́ fi wò ó?"

"Èyí tó kù."

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ Mùsílíù. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì sún lórí àpótí. Ògúnsànyà jókòó tì í, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí rúlà dé orí tapólì.

"Mo ti mọ̀ kí n tó sọ ọ́ lọ́jọ́ náà," ni Mùsílíù wí nígbẹ̀yìn. "Lọ́jọ́ kan tí mo na ife tíì sí ọ níbí, afẹ́fẹ́ lo kọ́kọ́ gbá mú. Mo rí i. Mo ní kí n má dójú tì ọ́, mo sì dákẹ́. Ìgbà tó o wá pè mí ní oníjìbìtì lójú gbogbo ọjà ni mo tó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n fi pè ọ́ sí kọ̀rọ̀, mo fi sọ ọ́ lókò."

"Ká ní o pè mí sí kọ̀rọ̀..."

"Ṣé wàá ti gbọ́?"

Ògúnsànyà rò ó. "Mi ò mọ̀," ló wí.

Ó dìde, ó gbé pákó kan lé èjìká, ó sì gbìyànjú láti di ojú ọ̀tún. Ìpéǹpéjú náà kò mọ iṣẹ́ yẹn. Ó ń gbọ̀n, ó ń là, ojú òsì sì ń wá etí igi náà kiri bí àlejò tó ń wá ilé. Ó sọ pákó náà kalẹ̀.

"Bá mi wò ó."

Mùsílíù gbé e, ó wò ó, ó sì pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ nídìí rẹ̀. "Ó tọ́," ni ó wí. Òun ni pákó àkọ́kọ́ tí Ògúnsànyà fi ojú ẹlòmíràn rà. Kò fi ṣe ilẹ̀kùn. Bẹ́ǹṣì ló fi ṣe fún àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì gba iṣẹ́ ilẹ̀kùn mọ́.

Ìwé onílà náà wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ó gbé ìfági kọ́ sí. Láràárọ̀, ó ń fi gíláàsì sójú, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún, ó sì ń wo àmì dúdú náà. Nǹkan tọ́ títí ọyẹ́ fi kásẹ̀ nílẹ̀. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí Láwùmí ti jáde lọ sí ọjà Ṣàngó, ìlà kan ní ìsàlẹ̀ àmì náà tẹ̀ díẹ̀, bí ibi tí ọmọdé fi ìka tẹ̀ lára ẹ̀kọ. Ó nu gíláàsì. Ó tún wò ó. Kò lọ mú rúlà. Ó pe Mùsílíù.

Mùsílíù kò ti ìsọ̀ rẹ̀. Ó ní kí ẹni tó wà nítòsí bá òun wò ó, ó sì wọ kẹ̀kẹ́ wá gbé e. Nígbà tí oòrùn máa fi mú, àwọn méjèèjì ti wà lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ní Ring Road, láàárín àwọn mìíràn tó ń dúró.

"Ó wọ́ lóòótọ́?" ni Mùsílíù béèrè.

"Ó wọ́."

"Ó dá ọ lójú pé kì í ṣe ìwé?"

Ògúnsànyà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe ìwé."

"A tètè dé nìyẹn." Mùsílíù fa tẹ̀sùbáà yọ, ó sì tún un sọ, bí ẹni ń sọ fún ara rẹ̀. "A tètè dé."

Ògúnsànyà kọjú sí i. Lójú ọ̀tún, fìlà ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, èjìká rẹ̀ méjèèjì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ojú láàárín wọn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún náà. Pẹ̀lú ti òsì, ó wo irùngbọ̀n funfun Mùsílíù, ó wo ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí ogbó ti ń bò, ó wò ó bí ẹni tó ń kó ẹrù tó fẹ́ gbé pamọ́.

"Kí lò ń wò?" ni Mùsílíù wí.

"Má mira."

Ó ṣì ń wò ó nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀.